Bí ẹ ṣe máa lé omi òrùlé jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé yín

Lẹ́yìn òjò ńlá kan, ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri ilé tí kò ní gọ́tà ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ á ti gbẹ́ ilà gbọọrọ sílẹ̀ lábẹ́ etí páànù, omi á ti kó yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lọ, á ku òkúta wẹ́wẹ́ nìkan, ẹrẹ̀ pupa á sì ti ta sára ògiri dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ilà yẹn á máa jìn sí i, títí búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ tó yẹ kó wà nínú ilẹ̀ á fi yọ síta. Ilé tó bá ti dé bẹ̀, owó àtúnṣe rẹ̀ ti kọjá owó gọ́tà.

Ohun kan wà tó yẹ kó yé yín kí ẹ tó ra ohunkóhun: ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kì í ṣe òkè. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kan gọ́tà yí òrùlé ká, wọ́n á fa páìpù kan wálẹ̀ ní igun ilé, wọ́n á wá jẹ́ kí ẹnu páìpù náà já sí ẹsẹ̀ ògiri. Omi tó ń kán káàkiri lórí mítà 12 tẹ́lẹ̀ ti wá ń dà sójú kan ṣoṣo, níbi tí ògiri méjì ti pàdé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ á tètè bàjẹ́ ju èyí tí kò ní gọ́tà rárá lọ. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi máa gbẹ̀yìn sí, kí ẹ tún ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ṣe, kí gọ́tà wá kẹ́yìn.

Omi náà ṣe pọ̀ tó?

Bí òjò bá rọ tí omi rẹ̀ ga ní mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ síkúéà mítà kan, lítà kan ni. Ẹ wá mú ilé tí òrùlé rẹ̀ gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 10. Ilẹ̀ tí òrùlé bò ni kẹ́ ẹ wọ̀n, kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ páànù. Síkúéà mítà 120 nìyẹn. Òjò tó bá rọ mìlímítà 50 lọ́jọ́ kan, èyí tí kò ṣàjèjì ní Ifẹ̀, á da lítà 6,000 sílẹ̀ látorí òrùlé náà. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó jẹ́ 240 ni. Tí òrùlé bá dà sí apá méjì, kẹ́ẹ̀gì 120 á bọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ kì í ṣe òjò odidi ọjọ́ kan la fi ń mú ìwọ̀n gọ́tà, bí òjò ṣe ń yára rọ̀ ni. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé òjò líle máa rọ mìlímítà 25 láàárín ìṣẹ́jú 10. Lórí apá òrùlé kan tó jẹ́ síkúéà mítà 60, lítà 1,500 nìyẹn, ìyẹn lítà méjì ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Orí iye yìí la gbé àwọn ìwọ̀n tó wà nísàlẹ̀ lé. Tí òrùlé tiyín bá tóbi jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi kún un bó ṣe tóbi tó.

Ẹ kọ́kọ́ yí ilé po nínú òjò

Òjò Ifẹ̀ máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá, ó sì máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù fún iṣẹ́ gan-an, láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, ṣùgbọ́n àárín òjò lẹ ti lè rí àṣírí ilé. Ẹ mú agboòrùn, ẹ kó èèkàn mélòó kan dání, kí ẹ sì yí ilé po nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an. Ibi tí apá òrùlé méjì ti pàdé, tí omi ti ń dà bí ẹni ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ ri èèkàn mọ́ ọn. Ibi tí omi ṣì dúró sí ní wákàtí kan lẹ́yìn tí òjò dá, ẹ ri òmíràn mọ́ ọn. Ẹ wo ibi tí ẹrẹ̀ ta dé lára ògiri, kí ẹ sì wò ó bóyá omi ń wọlé láti ọgbà ẹlòmíì.

Ìlú olókè ni Ifẹ̀, ilé púpọ̀ ló sì wà lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nírú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ilé tó kọjú sí òkè ló wà nínú ewu jù, torí omi tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè àti omi òrùlé ń pàdé lẹ́sẹ̀ ògiri kan náà. Gọ́tà òrùlé nìkan kò lè gba ilé yẹn. Ó yẹ kí kòtò omi kan wà lókè ilé, ó kéré tán mítà kan ààbọ̀ sí ògiri, tó máa gba omi òkè kó tó dé ilé, tó sì máa yí i gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Lẹ́yìn òjò, ẹ wọn bí ilẹ̀ ṣe ga síra. Rọ́bà gbọọrọ tó mọ́ gaara tí àwọn bíríkìlà fi ń mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì ti tó. Ẹ rọ omi sí i, kí ẹ gbé etí kan sára ògiri, kí ẹ gbé etí kejì síbi tí ẹ fẹ́ kí omi já sí, kí ẹ sàmì sójú omi lápá méjèèjì, kí ẹ sì wọ̀n ún sílẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan. Ibi tó ga jù láti ojú àmì sí ilẹ̀ ni ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ jù. Ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ kankan kò há sínú rọ́bà náà, torí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń mú kí ó parọ́. Ojú lásán kò tó nínú iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ tó jọ pé ó dà sí títì lè jẹ́ pé sára ilé ló dà sí.

Ibi tí omi máa gbẹ̀yìn sí

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ má darí rẹ̀ sí sókàwéè ilé ìgbẹ́: lítà 1,500 ní ìṣẹ́jú 10 á kún un, ìdọ̀tí á sì padà wá bá yín nínú ilé. Ẹ má jẹ́ kó dúró nítòsí kàǹga, torí omi orí ilẹ̀ ń gbé ìgbẹ́ ewúrẹ́, epo àti ìdọ̀tí gbogbo lọ. Ẹ má sì tú u sínú ọgbà aládùúgbò. Yàtọ̀ sí pé ó máa dá ìjà sílẹ̀, omi tó bá gbẹ́ ìdí fẹ́ǹsì tí ẹ jọ ń lò á wó o lu ẹni méjèèjì.

Tí gọ́tà ìjọba bá wà lójú títì, tí ojú rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ọgbà yín, ibẹ̀ ló rọrùn jù. Ẹ lè la kòtò omi síta tàbí kí ẹ ri páìpù. Èyí tó ṣí sílẹ̀ la fara mọ́ jù ní ọgbà tí ewé àti yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ti pọ̀, torí ojú lẹ fi máa rí i tó bá dí, ọkọ́ lẹ sì máa fi kó o. Kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, kó jìn ní 30, búlọ́ọ̀kù onínǹṣì mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kọnkéré onísẹ̀ǹtímítà 10 nísàlẹ̀. Ní mítà kọ̀ọ̀kan, kó lọ sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan ó kéré tán. Bó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, yanrìn á jókòó sínú rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà púpọ̀, ẹ gé e ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn, kí omi má bàa máa sáré débi tó máa fi hú ìsàlẹ̀ kòtò.

Tó bá jẹ́ páìpù lẹ fẹ́ rì, ẹ lo onínǹṣì mẹ́rin, kí ìdàsísàlẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan ní mítà kan, kí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ sì tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ibi tí mọ́tò ń gbà, ẹ jẹ́ kó tó 60, tàbí kí ẹ da kọnkéré bò ó. Níbi tí páìpù bá ti yà, ẹ mọ àpótí búlọ́ọ̀kù kékeré kan, 30 sí 30, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn ju ẹnu páìpù lọ ní sẹ̀ǹtímítà 10 kí yanrìn lè jókòó síbẹ̀, kí ẹ sì fi ìdérí tó ṣeé ṣí bò ó. Páìpù tí ẹ rì láìsí àpótí, ọjọ́ tó bá dí lẹ máa hú gbogbo ọgbà.

Ilé tí kò ní gọ́tà títì nítòsí, àmọ́ tó ní àyè lẹ́yìn, lè jẹ́ kí omi tàn ká sórí koríko tàbí sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kéré tán mítà mẹ́ta sí ògiri, ní ibi tí ilẹ̀ ti dà kúrò lára ilé. Ẹ da òkúta ńlá ńlá sẹ́nu páìpù níbẹ̀ kí omi má bàa gbẹ́ kòtò.

Kòtò ìfàmu, ìyẹn kòtò tí a kó òkúta kún kí ilẹ̀ lè fa omi inú rẹ̀ mu, ni a máa ń lò nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kì í sì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán ilẹ̀ wò: ẹ gbẹ́ ihò tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú àti lóòró, kó jìn dé ibi tí ìsàlẹ̀ kòtò gan-an máa wà. Ẹ rọ omi kún un, kí ẹ jẹ́ kó fà tán, kí ẹ tún un rọ, kí ẹ wá wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan. Tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ ní wákàtí kan, ilẹ̀ náà kò lè mu ún. Ilẹ̀ àbàtà ìsàlẹ̀ odò sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, àti ibi tí àpáta ti sún mọ́ òkè. Inú òjò ni kẹ́ ẹ ti dán an wò, torí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn tó gbẹ máa ń mu omi ju bó ṣe yẹ lọ.

Fún apá òrùlé síkúéà mítà 60, kòtò tó jẹ́ mítà méjì sí mítà méjì, tí òkúta inú rẹ̀ ga ní mítà kan, ló máa gbà á. Àlàfo àárín òkúta kò ju bíi ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá lọ, ìyẹn ni kòtò oní-kúbíìkì mítà mẹ́rin fi ń gba lítà bí 1,600 péré. Àwọn tó ń gbẹ́ kòtò kékeré, tí wọ́n kún un fún òkúta, tí wọ́n wá ń bínú pé ó ń kún sókè, àlàfo yìí ni wọn ò kà sí. Òkúta gíráníìtì ńláńlá tí kò ní erùpẹ̀ nínú ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì tí wọ́n hun, tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, sórí òkúta kí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ má bàa wọ̀ ọ́, kí ẹ wá da yẹ̀ẹ̀pẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30 bò ó. Kí ó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ní mítà márùn-ún ó kéré tán, kí mọ́tò má sì gorí rẹ̀.

Táǹkì ńkọ́? Omi òjò dára fún ìfọṣọ àti ilé ìwẹ̀, a ò sì kọ̀ kí ẹ gbà á. Àmọ́ ẹ má tan ara yín: nínú òjò líle tí a ṣírò yẹn, táǹkì onílítà 1,000 á kún kí ìṣẹ́jú méje tó pé. Ibi tí omi á gbà jáde lẹ́yìn tó bá kún ló kan ìpìlẹ̀. Kí páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ rẹ̀ tóbi bí páìpù tó ń gbé omi wọlé, kó sì já sí kòtò omi, kì í ṣe sí ẹsẹ̀ ògiri. Táǹkì onílítà 1,000 tó kún wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, torí náà ẹ gbé e sórí ìpìlẹ̀ tirẹ̀, ó kéré tán mítà kan sí ilé. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ẹnu rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn. Lítà bí 60 àkọ́kọ́ tó fọ òrùlé, ẹ dà á nù.

Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri

Ẹ ro koríko, ẹ hú gbòǹgbò, kí ẹ sì dí ilà tí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ gbẹ́. Yẹ̀ẹ̀pẹ̀ pupa ni kẹ́ ẹ fi dí i, kì í ṣe yanrìn. Yanrìn á jẹ́ kí omi gba inú rẹ̀ wọ ìdí ìpìlẹ̀ tààrà, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ á dà bí ẹni pé ó gbẹ. Ẹ dà á ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ gún un títí ẹsẹ̀ kò fi ní rì mọ́, kí ẹ tó da èyí tó tẹ̀ lé e. Èyí tí wọ́n kàn dà lẹ́ẹ̀kan náà láìgún á rì nínú òjò àkọ́kọ́, á sì di ọpọ́n tó ń gba omi sára ilé.

Láti ara ògiri lọ síta dé mítà mẹ́ta, kí ilẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ sísàlẹ̀. Bí àyè kò bá tó mítà mẹ́ta, ẹ ṣe é dé kòtò omi. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ojú ilẹ̀ tuntun gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ dámúpúrúùfù, ìyẹn ohun tí wọ́n tẹ́ sínú ẹsẹ̀ ògiri kí omi ilẹ̀ má bàa gun òkè, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15. Tí ẹ bá fi yẹ̀ẹ̀pẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, omi á gba ẹ̀gbẹ́ fò ó, ọ̀dà inú yàrá á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á sì máa ṣí.

Lórí ilẹ̀ tí ẹ ti gún yìí lẹ máa da kọnkéré ẹsẹ̀ ilé sí. Ìtàn Ifẹ̀ ní Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ ìlú kí ẹrẹ̀ má bàa máa ta sí i láṣọ, wọ́n sì ṣì ń rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ hú jáde káàkiri ìlú, àpáàdì tí wọ́n tò ní ìnàró, tí etí wọn kọjú sókè. Ìnàró tí wọ́n tò ó ni kò jẹ́ kó tètè jẹ. Kọnkéré tiwa náà ní ohun tó ń mú un pẹ́.

Kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, kí etí rẹ̀ sì kọjá ojú ibi tí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí ní sẹ̀ǹtímítà 30. Tí etí òrùlé yín bá yọ ju 60 lọ, ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹ gún òkúta fífọ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sísàlẹ̀, kọnkéré sẹ̀ǹtímítà 10 lórí rẹ̀. Kí ó lọ sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ láti ara ògiri dé etí. Àdàlù rẹ̀: àpò símẹ́ǹtì kan, yanrìn bárò kan, gíráníìtì bárò méjì, omi bíi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan. Tí yanrìn bá tutù, ẹ dín omi kù. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn kó rọ̀ kí ó lè rọrùn láti tẹ́, àmọ́ omi tó pọ̀ jù ló ń mú kí ojú kọnkéré máa di lẹ́búlẹ́bú lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Fún ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn ní mítà 12, àpò símẹ́ǹtì méje ló máa lọ.

Ẹ má so kọnkéré yìí mọ́ ògiri. Ẹ ki pákó pẹlẹbẹ onísẹ̀ǹtímítà kan sáàárín wọn nígbà tí ẹ bá ń dà á. Tó bá gan tán, kí ẹ yọ pákó náà, kí ẹ fi bítúmẹ́ẹ̀nì dí àlàfo. Ilé àti ẹsẹ̀ ilé kì í rì bákan náà. Èyí tí wọ́n bá so pọ̀ á là gba ibi tó wù ú, omi á sì wọ ojú ibẹ̀. Ní mítà kan ààbọ̀ sí méjì, ẹ gé e lójú, kó lè jẹ́ pé tó bá máa là, ojú ibi tí ẹ gé ló máa gbà. Ẹ da àpò tútù bò ó, kí ẹ máa bomi rin ín fún ọjọ́ méje.

Tí owó kò bá ká gọ́tà àti kọnkéré pọ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe kọnkéré àti kòtò omi lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Ilé tó ní méjèèjì yìí lè dúró fún gọ́tà dé ọdún mìíràn. Ilé tó ní gọ́tà láìní ibi tí omi máa lọ kò lè dúró.

Gọ́tà àti páìpù tó ń gbé omi wálẹ̀

Fún apá òrùlé tí a ń sọ yìí, gọ́tà tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì mẹ́fà ni kẹ́ ẹ lò. Ti ínǹṣì mẹ́rin tí wọ́n sábà máa ń tà kò lè gba lítà méjì ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Á kún, á máa dà sílẹ̀, ẹ ó wá rò pé ẹni tó kàn án ni kò mọṣẹ́. Ọ̀nà tó dín owó kù ni kí ẹ ra páìpù PVC onínǹṣì mẹ́fà, kí ẹ là á sí méjì lóròó. Páìpù kan á fún yín ní gọ́tà méjì. Oòrùn máa ń ká ẹnu rẹ̀ pọ̀, torí náà ẹ fi wáyà de ẹnu rẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kùn ún lọ́dà.

Ẹ wo fásíà, ìyẹn pákó etí òrùlé tí a ń kan gọ́tà mọ́, kí ẹ tó kàn án. Tí ìṣó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, pákó náà ti jẹrà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Gọ́tà ínǹṣì mẹ́fà tó kún fún omi wúwo tó kílò mẹ́sàn-án ní mítà kan. Ní mítà mẹ́fà, ó ti ju àpò símẹ́ǹtì kan lọ. Ìdí nìyẹn tí irin tó gbé e gbọ́dọ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 60, 60, pẹ̀lú síkúrúù, kì í ṣe ìṣó lásán.

Fún mítà 12, ẹ jẹ́ kí àárín ga, kí ó dà sí etí méjèèjì, kí páìpù ínǹṣì mẹ́rin kan wà ní etí kọ̀ọ̀kan. Mìlímítà márùn-ún ní mítà kan ni, tó fi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta láti àárín dé etí. Ẹ kan irin àárín àti ti etí lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ta okùn láàárín wọn, kí ẹ wá fi ìyókù sójú okùn. Kí etí páànù wọ inú gọ́tà ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Bó bá kúrú jù, omi á gba ẹ̀yìn gọ́tà sọ̀ kalẹ̀ sára fásíà. Bó bá gùn jù, òjò líle á fò ó kọjá. Kí ẹnu gọ́tà tó kọjú síta rẹlẹ̀ díẹ̀ ju èyí tó wà lára fásíà lọ. Tó bá dí lọ́jọ́ kan, ìta lá máa dà sí, kò ní gba ara ògiri.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù PVC àti ègé páìpù sẹ̀ǹtímítà 10 so oríkèé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sáńdípépà ha á. Páìpù mítà mẹ́fà lè gùn sí i ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan nínú oòrùn ọ̀sán, torí náà ẹ má kì í mọ́ ògiri gbagba. Gọ́tà páànù tàbí alumíníọ̀mù nílò rífẹ́ẹ̀tì àti sílíkọ́ọ̀nù. Ẹ má fi ìṣó irin kan alumíníọ̀mù, torí ojú ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jẹ. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì wáyà bo ẹnu páìpù tó ń gbé omi wálẹ̀, ẹ dì í mọ́ ògiri ní mítà kan ààbọ̀ síra, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà méjì sì wà láàárín páìpù àti ògiri. Nísàlẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ páìpù méjì tó yà díẹ̀díẹ̀ sàn ju ọ̀kan tó yà gbagada lọ, inú àpótí búlọ́ọ̀kù ni kó sì já sí.

Ilé olórí pẹrẹsẹ tí ògiri bo òrùlé rẹ̀ nílò ihò àkúnwọ́sílẹ̀ lára ògiri náà, kí ó rẹlẹ̀ ju etí páànù lọ. Bí páìpù inú bá dí tí ihò yìí kò sí, inú sílíǹ lomi máa já sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí etí òrùlé yọ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90. Àwọn ilé Humanities ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAU), tí ayàwòrán ilé Arieh Sharon ya àwòrán wọn, àjà òkè wọn yọ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, òjò àti oòrùn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí ògiri ìsàlẹ̀ bá. Ìpinnu orí àwòrán nìyẹn, tí kì í ṣeé ṣe mọ́ tí páànù bá ti wà lókè.

Àárín ilé méjì tó fún pọ̀

Ní àdúgbò àtijọ́ bíi Ìrẹ̀mọ àti Ilódè, òrùlé méjì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, kí ọ̀ọ̀dẹ̀ àárín wọn má ju mítà kan lọ. Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ilé méjèèjì ń bọ́ síbẹ̀, oòrùn kì í débẹ̀, ilẹ̀ kì í sì í gbẹ. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Tí bàbá ilé kan bá da kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ńṣe ló ń ti omi sí ìdí ilé kejì. Kí ìdílé méjèèjì jókòó, kí wọ́n da kọnkéré láti ògiri dé ògiri, kí ó jìn díẹ̀ ní àárín, kí ó sì dà síta ní sẹ̀ǹtímítà kan ní mítà kan. Kí wọ́n fi ẹni tó máa máa gbá a sí àdéhùn náà.

Ilé alámọ̀

Ẹ má gbẹ́ kòtò sí ẹsẹ̀ ògiri amọ̀. Ohun tó gbé e dúró kò jìn, òmíràn kò sì ní ìpìlẹ̀ kankan ju amọ̀ náà lọ. Kòtò omi gbọ́dọ̀ jìnnà ní mítà kan, kí ẹ sì ṣe é ní mítà kan ààbọ̀, ẹ parí rẹ̀, kí ẹ tó ṣí òmíràn. Níbi tí ẹsẹ̀ ògiri ti jẹ wọnú, ẹ fi amọ̀ tó dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀ dí i, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Símẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń rẹ́ amọ̀ tó ṣì tutù kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ jáde. Ẹ ó rí i tó ń ṣí ní abala abala, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ti rọ̀ bí èkuru. Irú ilé yìí ni gọ́tà ti wúlò jù, torí ẹrẹ̀ tó ń ta sókè gan-an ń jẹ ògiri.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Kí òjò tó dé, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan gorí àkàbà, kí ẹ dà á sí àárín gọ́tà. Omi tó bá dúró níbì kan ń fi hàn pé irin ibẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Ẹ tẹ̀ lé omi náà dé ibi tó gbẹ̀yìn sí. Ẹ máa kó ewé inú gọ́tà ní oṣù kejì, ní àárín oṣù kẹjọ tí òjò bá sinmi, àti ní oṣù kọkànlá. Ilé tó wà lábẹ́ máńgòrò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kó yanrìn inú àpótí búlọ́ọ̀kù nígbà kan náà.

Àwọn ibi tí ògiri ti là tẹ́lẹ̀, ẹ má sáré fi símẹ́ǹtì dí wọn. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ilà kékeré kan dábùú orí kọ̀ọ̀kan ní ìkángun rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹ wò ó títí òjò ọdún kan á fi parí. Èyí tí kò gùn, tí kò sì fẹ̀ sí i, ti dúró, ẹ lè dí i kí ẹ kùn ún. Èyí tó bá ń gùn sí i, tàbí tó fẹ̀ ju mìlímítà márùn-ún lọ, tàbí tó ń gba ojú búlọ́ọ̀kù gun òkè bí àtẹ̀gùn láti igun fèrèsé, ẹ pe ẹnjinníà ilé kí ó wá wo ìpìlẹ̀ kí bíríkìlà tó fọwọ́ kàn án. Ẹ fi àwọn ọjọ́ àti ìwọ̀n tí ẹ kọ sílẹ̀ hàn án.